Sẹ́ẹ̀lì tí mi ò tan iná sí náà ń gba àmì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Yábàá ni mo ti ń ṣe ìwádìí. Mo so èròjà iridium mọ́ áńtíbọ́dì tó ń lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì. Tí mo bá tan iná búlúù sí i, iridium á gbé agbára iná náà fún diazirine (èròjà kékeré tí biotin so mọ́) tó wà nítòsí. Ìyẹn á di carbene (èròjà tó máa ń yára lẹ̀ mọ́ nǹkan), á sì lẹ biotin, ìyẹn àmì tí mò ń wá, mọ́ purotéènì tó bá sún mọ́ ọn. Carbene kì í pẹ́, omi ló ń pa á, kì í rìn jìnnà. Ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ yìí gan-an nìyẹn.

Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tí mi ò tan iná sí náà ń fi ilà méjì tó dúdú kedere hàn nígbà tí mo fi streptavidin (purotéènì tó ń lẹ̀ mọ́ biotin) wá àmì náà, nítòsí 75 àti 130 kDa (ìwọ̀n bí purotéènì ṣe tóbi tó). Mo ti fi fọ́ìlì wé àwo, mo ti fi aṣọ dúdú bo fèrèsé (oòrùn ọ̀sán máa ń wọlé tààrà), ilà ò kúrò. Mo fura sí biotin tí sẹ́ẹ̀lì ní fúnra rẹ̀, lára àwọn carboxylase (ẹ́ńsáìmù tó máa ń ní biotin lára). Streptavidin tó kù sí mi lọ́wọ́ ò lè ju àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan péré lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, àyẹ̀wò wo ni kí n fi ẹ̀ẹ̀kan yẹn ṣe kó lè dá mi lójú? Ẹ má bínú pé ó gùn. Ẹ ṣé, mo dúpẹ́.