Fìríísà adùbúlẹ̀ fún bíà tí a pọn nílé: ìbéèrè láti Manchester, ìdáhùn láti Ìkòròdú

Ọmọ Ìgbógbó, Manchester:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nílé àti lókè òkun, mo kí yín o. Mo fẹ́ fi bíà tí mo ń pọn fúnra mi ṣe àlejò fún àwọn ènìyàn bàbá mi ní Ìgbógbó nínú oṣù Kejìlá, n kò sì fẹ́ máa rọ ọ́ sínú ìgò. Fìríísà adùbúlẹ̀ kan wà nílé níbẹ̀, irú èyí tí àwọn elẹ́ja yìnyín ń lò. Ṣé mo lè lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n fi ẹnu ẹ̀rọ tí bíà yóò máa gbà jáde sí i?

Ọmọ Èbúté, Ìkòròdú:
Àbúrò mi, inú mi dùn pé o béèrè kí o tó fi irin kàn án. Má ṣe lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rárá. Inú ògiri fìríísà adùbúlẹ̀ ni páìpù tí gáàsì amútùtù ń gbà wà, ó wé yíká lábẹ́ páànù, ojú kò sì lè rí i láti òde. Bí o bá lu ẹyọ kan péré, fìríísà náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ewu iná tún wà níbẹ̀, nítorí pé R600a, gáàsì amútùtù tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ fìríísà òde òní ń gbaná bíi gáàsì ìdáná.

Ohun tí ó yẹ ni kí o tú ìdérí rẹ̀, kí kápẹ́ńtà kan férémù pákó tí ó bá ẹnu fìríísà mu régí, tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bí ínṣì 6, kí ẹ fi sílíkónì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì wá de ìdérí mọ́ ẹ̀yìn férémù náà. Ara pákó yìí ni gbogbo ihò yóò wà, ti ẹnu ẹ̀rọ, ti họ́ọ̀sì àti ti wáyà. Pákó àfàrà tí ó gbẹ dáadáa tó fún un, bí ẹ bá ti kùn ún tinú-tòde.

Fún -18°C ni wọ́n ṣe fìríísà, nítorí náà bíà yóò dì bí o bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ra ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ òtútù, irú ti Inkbird, tí ó jẹ́ 230V, kí o ki púlọ́ọ̀gì fìríísà sínú rẹ̀, kí o sì yàn án sí 4°C. Lẹ ojú wáyà rẹ̀ tí ń mọ òtútù mọ́ ara kẹ́ẹ̀gì, ìyẹn àgbá irin tí bíà wà nínú rẹ̀, kí o fi fóòmù bò ó, kí ó lè máa mọ òtútù bíà fúnra rẹ̀ dípò ti afẹ́fẹ́. Rí i pé ó ń dúró fún ìṣẹ́jú 3 ó kéré tán kí ó tó tún tan kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, nítorí iná tí ń lọ tí ń bọ̀ lójijì máa ń pa á.

Ọ̀rinrin ni yóò yọ ọ́ lẹ́nu jù lọ. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà ni a ń mí níhìn-ín. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi á ti sé tótó sí abẹ́ ìdérí, á ti ṣàn sísàlẹ̀, ìpẹtà á sì ti mú igun páànù. Gbé ohun tí ń fa ọ̀rinrin sínú rẹ̀, kí o sì fi fáànù kékeré ti kọ̀ǹpútà fẹ́ òtútù ìsàlẹ̀ sókè, torí pé họ́ọ̀sì tí ó gbóná lókè ló ń mú bíà hó jù. Bí iná bá lọ, má ṣí i: kẹ́ẹ̀gì onírin mẹ́rin tí ó jẹ́ lítà 19 lọ́kọ̀ọ̀kan kì í tètè gbóná.

Ọmọ Ìkòròdú, Houston:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fi ti gáàsì CO2 kún un. Bí ìtì gáàsì, ìyẹn ipá tí ó fi ń ti bíà jáde, bá jẹ́ 10 sí 12 psi, họ́ọ̀sì bíà tí ihò rẹ̀ jẹ́ ínṣì 3/16 gbọ́dọ̀ gùn tó nǹkan bíi mítà 3. Bí ó bá kúrú, ìfófòó ni yóò kún ife. Ẹ fi omi ọṣẹ kun gbogbo oríkèé, níbi tí ó bá ti ń yọ ìfófòó, gáàsì ń jò níbẹ̀. Kò ní òórùn, ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ẹ má gbé e sínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Ẹnu sìlíńdà ti Amẹ́ríkà kò bá ti Bírítéènì mu, ẹ wo ti ẹni tí yóò ta gáàsì fún yín nílé kí ẹ tó ra régúlétọ̀, ẹ̀rọ tí ń díwọ̀n ipá gáàsì náà.

Ọmọ Ìgbógbó, Manchester:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́ púpọ̀. Ṣé ooru ilé kò ní ba bíà náà jẹ́ nígbà tí ó bá ń kan, tí ìwúkàrà ń sọ ọ́ di ọtí?

Ọmọ Èbúté, Ìkòròdú:
Yóò bà á jẹ́ bí o bá gbé e kalẹ̀ sí pálọ̀. Inú fìríísà kan náà ni kí o gbé e sí ní 20°C títí yóò fi kan tán, kí o tó rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí o sì wá sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀ sí 4°C. Tètè dé ṣáájú ọdún, nítorí kò ní ṣeé mu lọ́sẹ̀ tí o bá pọn ọ́n.