Kí la lè ṣe tí ọpẹ́ alaalẹ́ ò fi ní di àkọ́sórí?

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ̀yin ará. Àwa ẹgbẹ́ àdúrà ilé kan ní Kubwa, Abuja, la ń tọrọ ìmọ̀ràn.

Kí oníkálukú tó sùn, yóò kọ ohun mẹ́ta tó ń dúpẹ́ fún sínú ìwé kékeré, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. "Olúwa, o ṣeun fún omi" kò tó. "O ṣeun fún mai ruwa tó gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà dé kí ilẹ̀ tó mọ́, tí àwọn ọmọ fi rí omi wẹ̀ lọ síléèwé", ọpẹ́ nìyẹn. Bí Sáàmù 136 ṣe ṣe é náà nìyẹn: ó ń dárúkọ iṣẹ́ Ọlọ́run níkọ̀ọ̀kan.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò ní pẹ́ tí yóò fi di "ẹ̀mí, àlàáfíà, oúnjẹ" lálaalẹ́, torí oorun ti ń kun ẹni tó ti Wuse dé nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àwọn mìíràn á sọ ọpẹ́ di ẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó parí gbólóhùn kan.

Èyí tó ká wa lára jù ni ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tàbí tí wọn ò san owó oṣù fún. A máa ń ní kó kọ ẹ̀dùn rẹ̀ sílẹ̀ ná, bíi Sáàmù 13, kó wá fi ọpẹ́ kan ṣoṣo tẹ̀ lé e. Síbẹ̀, àwọn kan ní bí irọ́ ló rí lẹ́nu àwọn.

Ẹ̀yin tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ṣé àárọ̀ ló dáa ni? Kí lẹ máa ń sọ fún ẹni tó wà nínú ọ̀fọ̀?