“Ìdìtẹ̀gbàjọba” kò lè gbé ọ̀rọ̀ Faransé yìí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí á máa pe “révolution” àwọn Faransé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1789, ní “ìdìtẹ̀gbàjọba”. Ẹlòmíràn ní “ìyípo” ti tó. Mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Kò sí ìdìtẹ̀ láìsí adìtẹ̀: àwọn kan á forí korí ní kọ̀rọ̀, wọ́n á dá ọjọ́. Ta ló dá ọjọ́ ní Faransé ní 1789? Ọba Louis XVI fúnra rẹ̀ ló pe ìpàdé. Gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, àwọn ọlọ́lá ò fẹ́ san owó orí bíi tálákà, ọkà ò sì ṣe dáadáa ní 1788. Ó pe àwọn aṣojú jọ sí Versailles lóṣù karùn-ún kí wọ́n bá a wá owó. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́: àwọn tó pè torí owó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹni tó ni ìlú. Lóṣù kẹwàá, àwọn obìnrin Paris tí búrẹ́dì ti gbówó lórí mọ́ lọ́wọ́ fẹsẹ̀ rìn nínú òjò dé ààfin, wọ́n sì kó ọba àti ìdílé rẹ̀ bọ̀ wá sí Paris.

Àwa náà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọba. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí wọ́n bá gbé igbá òfìfo fún Aláàfin, ó ti yé e. Ọba á lọ, oyè á dúró, wọ́n á fi ẹlòmíràn jẹ. Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969 ńkọ́? Wọ́n ní kí owó orí wálẹ̀, ó wálẹ̀, ìjọba sì wà níbi tó wà. Ọ̀tẹ̀ gidi nìyẹn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n lóṣù kẹsàn-án 1792, oyè ọba gan-an ni àwọn Faransé pa rẹ́, kó tó di pé wọ́n bẹ́ Louis lórí lóṣù kìíní 1793.

Ní ti “ìyípo”, ohun tó bá yípo á padà síbi tó ti gbéra. Ẹ lè ní ọ̀gágun Napoleon ṣáà wá jọba lẹ́yìn náà. Ó jọba lóòótọ́, àmọ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti tà kò padà sọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí Napoleon àti àwọn ṣọ́jà rẹ̀ ṣe lóṣù kọkànlá 1799, ìyẹn gan-an ló yẹ kí á pè ní ìdìtẹ̀gbàjọba. Bí a bá ti ná orúkọ náà lórí 1789, kí la ó wá fi pe ti 1799?

A ti ń sọ pé wọ́n “dojú ìjọba bolẹ̀”. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ náà “ètò” rọ́pò “ìjọba” níbẹ̀, torí kì í ṣe ọba nìkan ni wọ́n mú kúrò: ìdojú-ètò-bolẹ̀. Ó gùn, mo gbà, ṣùgbọ́n ìdìtẹ̀gbàjọba náà gùn kí rédíò tó fi mọ́ wa lẹ́nu. Ẹni tó bá lè gé e kúrú láìyọ “ètò” kúrò nínú rẹ̀, kó jọ̀ọ́ gbé e wá.