Ajá kékeré tí kò lè dá wà nílé: ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Ìyá Pépé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin alájàá ẹgbẹ́ mi. Maltese, irú ajá kékeré kan, ni Pépé mi, ọdún 3 ni. Kò yọ wá lẹ́nu rí, àfi ìgbà tí a kó lọ sílé tuntun. Báyìí, bí mo bá ti fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ lásán, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn aládùúgbò ní bí mo bá ṣe ń ti ilẹ̀kùn ló ń hu, kì í sì í dákẹ́ bọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bá fi máa dé, itọ́ á ti rin àyà rẹ̀ gbingbin, á ti họ ilẹ̀kùn, á sì ti tọ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹran tí mo gbé kalẹ̀ fún un, kò ní fẹnu kàn án. Àmọ́ tí mo bá wọlé pẹ́nrẹ́n, á jẹ ẹ́ tán lójú ẹsẹ̀. Ọkọ mi ní àkẹ́jù ni, pé ẹgba ló máa gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra ajá kejì. Ọ̀nà wo ló ṣiṣẹ́ fún yín? Ṣé oògùn wà fún un? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè jókòó sílé títí ayé.

Bàbá Tàfí
Ìyá Pépé, ẹ bá wa bẹ bàbá kí wọ́n gbé ẹgba sílẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí ẹ sọ yẹn ló jẹ́ kí n dá sí i. Ajá tó ń ṣe àṣejù á kọ́kọ́ jẹ ẹran ná, kó tó wá ohun tó máa bà jẹ́. Èyí tí ẹran wà níwájú rẹ̀ tí kò lè gbé e mì, àyà ló ń já a. Tí ẹ bá nà án nígbà tí ẹ dé, kò ní mọ̀ pé torí ìtọ̀ àárọ̀ ni. Ohun tó máa mọ̀ ni pé bí ẹ bá lọ, wàhálà ni, bí ẹ bá dé náà, wàhálà ni.

Alájàá Méjì
Mo gbà pé kí wọ́n má nà án, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé ajá kì í mọ̀ o! Tèmi, bó bá ti ba nǹkan jẹ́, kí n tó sọ̀rọ̀ ló ti tẹ etí sẹ́yìn, tí kò ní lè wò mí lójú.

Bàbá Tàfí
Ojú yín ló ń kà, ẹ̀gbọ́n. Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Alexandra Horowitz, tó ń ṣèwádìí nípa ìṣe ajá. Ìwádìí kan tó gbé jáde ní ọdún 2009 dá lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n ní kí àwọn tó ni ajá kọ oúnjẹ kan fún un, kí wọ́n sì jáde. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n sọ fún àwọn kan pé ajá wọn ti jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni. Ajá tí kò jẹ nǹkan kan náà ṣe ojú ẹlẹ́ṣẹ̀, nígbà tí ẹni tó ni ín ṣáà ti bá a wí.

Dókítà Ẹran Ọ̀sìn
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko ni mò ń ṣe. Ohun tí ìyá wa sọ jọ ẹ̀rù àdánìkanwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi orúkọ kan án. Àìsàn ojú ìtọ̀ lè mú kí ajá tó mọ ibi ìtọ̀ rẹ̀ dáadáa máa tọ̀ káàkiri. Ìtọ̀ ṣúgà náà lè fà á, oògùn steroid sì lè jẹ́ kó máa mumi, kó máa tọ̀. Àpò ìtọ̀ ajá kékeré kò sì tóbi, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Nítorí náà, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò ná.

Kí ẹ tó lọ, ẹ gbé fóònù kan kalẹ̀ kó máa ká fídíò nígbà tí ẹ bá jáde. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ ni kí ẹ tẹjú mọ́ jù. Ajá tí nǹkan sú sábà máa ń kọ́kọ́ sùn, tó bá jí ni á wá wá bàtà jẹ. Èyí tó ń gbó àwọn tó ń kọjá, ojú fèrèsé ni á dúró sí. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kì í pẹ́ tí ẹ bá jáde tó fi máa bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí ẹ gbà lọ ni gbogbo ara rẹ̀ á sì kọjú sí.

Ìyá Pépé
Ẹ ṣé gan-an, dókítà. Mo ti ká a. Kí n má purọ́, omi bọ́ lójú mi. Kí n tó dé géètì, ó ti ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò mú. Ó dúró, ó ká ẹsẹ̀ iwájú kan sókè, ó ń lá ètè, kò sì jẹ nǹkan kan. Ó wá dọ̀bálẹ̀, ó ti imú bọ abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń fín in. Nígbà tí kò gbóòórùn mi mọ́ ló tó gbé ẹnu sókè, ló bá figbe ta.

Ọ̀rẹ́ Chihuahua
Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹ̀rù nìyẹn, kò sí àní-àní. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbà wá, torí èyí lòògùn gan-an, àwọn tó kù ń gbè é lẹ́sẹ̀ ni.

Kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú un, kí ẹ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wọ bàtà, kí ẹ lọ fọ abọ́. Ẹ gbé báàgì kọ́ èjìká, kí ẹ sì sọ ọ́ kalẹ̀ padà. Ẹ máa ṣe é títí tí kò fi ní gbórí sókè mọ́ tó bá gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ilẹ̀kùn. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ tì í. Ẹ bọ́ síta fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, kí ẹ wọlé. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹ ti wọlé kí àyà rẹ̀ tó já, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìṣẹ́jú àáyá lẹ máa fi máa ṣírò fún ìgbà pípẹ́, ẹ má jẹ́ kó sú yín: díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ má sì máa fi kún un nígbà gbogbo o, àwọn ajá gbọ́n. Bó bá pẹ́ díẹ̀ lónìí, kó kúrú lọ́la. Ètè lílá àti ẹsẹ̀ kíká tí ẹ rí nínú fídíò yẹn, òun ni ààlà yín. Tí ẹ bá ti rí i, ẹ ti kọjá ibi tó yẹ, ẹ dín in kù.

Ibi tó le wà níbẹ̀: ní gbogbo àsìkò ẹ̀kọ́ yìí, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan ju ibi tí agbára rẹ̀ mọ lọ. Ìpayà ọ̀sán kan lè ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ jẹ́. Ẹ wá ẹni tó máa bá yín jókòó tì í. Àǹfààní ajá kékeré sì nìyí, ẹ lè gbé e sínú báàgì lọ síbi tí wọ́n bá ti gba ajá láàyè.

Alájàá Méjì
Ẹ ra kéèjì, kí ẹ tì í mọ́bẹ̀. Ó máa sinmi.

Ọ̀rẹ́ Chihuahua
Rárá o, ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Ajá tó fẹ́ràn kéèjì tẹ́lẹ̀ nìyẹn lè wúlò fún. Èyí tó ń họ ilẹ̀kùn bí ti Pépé, irin ló máa họ, á kán èékánná, á tún kán eyín mọ́ ọn.

Bàbá Tàfí
Ẹ má ra okùn ọrùn tó máa ń fi iná ta ajá tó bá gbó náà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, ẹ tún wá fi ìrora kún un! Ọ̀nà èémí àwọn ajá kékeré bíi Pomeranian àti Yorkshire kò tiẹ̀ lágbára, okùn tó gba àyà ni kí ẹ máa fi mú wọn rìn. Ní ti ajá kejì, ẹ̀yin ni Pépé ń wá, kì í ṣe ajá. Ẹ lè wá ní méjì tó ń hu.

Ìyá Pépé
Mo ti rẹ́rìn-ín. Ohun ìṣeré tí wọ́n máa ń ki oúnjẹ sí ńkọ́?

Bàbá Tàfí
Ó dára fún ajá tí nǹkan sú. Tí àyà bá ti ń já a, kò ní wò ó. Tí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀pà lílọ̀ inú ìgò sí i, ẹ ka ara ìgò náà dáadáa. Tí ẹ bá rí xylitol níbẹ̀, ohun àfidùn tí wọ́n ń lò dípò ṣúgà, ẹ má fún un. Ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ lójijì, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ajá kékeré, díẹ̀ ti tó láti pa á.

Dókítà Ẹran Ọ̀sìn
Mo fara mọ́ Ọ̀rẹ́ Chihuahua. Ní ti oògùn, ó wà. Ní Amẹ́ríkà, FDA, àjọ ìjọba tó ń fọwọ́ sí oògùn, fọwọ́ sí clomipramine fún ẹ̀rù yìí ní ọdún 1998, wọ́n sì fọwọ́ sí fluoxetine ní 2007, àwọn méjèèjì pẹ̀lú ẹ̀kọ́, kì í ṣe oògùn nìkan. Wọn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ẹ tó rí ìyàtọ̀. Ẹ má dá a dúró lójijì bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀. Acepromazine, oògùn kan tó ń mú ẹranko rọ̀, kò yẹ kí wọ́n dá fi tọ́jú ẹ̀rù yìí: ó máa ń mú kí ara dẹ̀, kí ajá dákẹ́, àmọ́ ẹ̀rù ṣì wà níkùn rẹ̀. Oògùn oorun tiyín tó wà nínú dúrọ́ọ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Ìyá Pépé
Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́, dókítà. Bàbá Pépé ti ka gbogbo rẹ̀, wọ́n ní àwọn gan-an ló máa jókòó tì í lọ́sàn-án. Kí ni kí n kó dání tí mo bá ń lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko?

Dókítà Ẹran Ọ̀sìn
Ẹ mú fídíò yẹn, òun ló máa sọ̀rọ̀ jù. Ẹ gbé ìtọ̀ tuntun dání nínú ike tó mọ́. Tí gìrì bá ti mú un rí, ẹ sọ ọ́, torí fluoxetine kò yẹ fún ajá tí gìrì ń mú. Ẹ kọ gbogbo oògùn tó ń lò sílẹ̀, títí kan okùn eégbọn tó bá wà lọ́rùn rẹ̀: tó bá jẹ́ èyí tó ní amitraz, oògùn apeégbọn kan, nínú, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ kí wọ́n tó kọ clomipramine fún un.