Ààrò Kì Í Ṣe Ìléru

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀gbọ́n tó ní ká máa pe “open-hearth furnace”, ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì, Siemens àti Martin, fi ń yọ́ irin, ní “àárò-ṣíṣí”, ẹ má bínú, orí àmì ohùn ni mo ti fẹ́ mú yín. Àárò ló ń sọ ẹni tí ìyá rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn. Orí ààrò là ń gbé ìkòkò kà.

Ká tiẹ̀ tún un kọ, kò bọ́ sí i. Ta ló rí ààrò tó ní ìdérí rí tí a ó fi máa pe ọ̀kan ní ṣíṣí? Ààrò ìyá ìyá mi, amọ̀ mẹ́ta ni, èéfín ti sọ ọ́ di dúdú bí ìdí ìkòkò. Bí ọbẹ̀ bá fẹ́ ru dànù, màmá á fa igi kan sẹ́yìn, iná á rọlẹ̀. Ìsàlẹ̀ niná wà, òkè ni ìkòkò wà. Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù: iṣẹ́ ààrò ni kó gbé nǹkan dúró.

Èyí tí Martin lò ní Faransé ní 1865 kò rí bẹ́ẹ̀. Irin tẹ́ pẹrẹsẹ nínú rẹ̀ bí gàrí nínú agbada, ọwọ́ iná ń gba orí rẹ̀ kọjá fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó sì ní òrùlé bíríkì! Irin ló ṣí sí iná, ilé rẹ̀ kò ṣí.

Ìléru kúkú wà nílẹ̀ fún “furnace”. “Ìléru irin” ló wà nínú Deutarónómì 4:20, nínú Bíbélì Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jáde lódindi ní 1884. Àwọn tó ń ní “ilé eérú” ni wọ́n sún kì, níbo ni ohùn ìsàlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìléru ti wá? Ohùn òkè méjì tó wà lórí eérú ńkọ́?

Èmi dábàá “ìléru alágbada”. Agbada tí a fi ń dín àkàrà ni o, kì í ṣe agbádá tí à ń wọ̀ lọ òde. Ẹni tó bá fi àmì sí i kò ní ṣì í.

Ẹ̀gbọ́n tún ní ọ̀gán, ìyẹn ilé ikán, ló wà nínú orúkọ àdògán, ààrò alámọ̀ nì, torí amọ̀ ọ̀gán ni wọ́n fi ń mọ ọ́n. Mi ò gbà. “O” kì í ṣe “ọ”. Bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, kí ni “àd-” ń ṣe níwájú rẹ̀?