Ta ló bá yín dé ilé ìwòsàn? Ìrírí àwa ará Abẹ́òkúta

Ọmọ Ọbáńtokò

Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ìgbà la máa ń sọ ohun tí ìjọba kò ṣe lórí ìlera. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n lónìí, ohun tí aládùúgbò ṣe fún yín tí ara yín fi yá ni mo fẹ́ kí ẹ sọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Ní àdúgbò wa, nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì máa ń gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru wá sí ìpàdé onílé. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wò ó fún ẹni tó bá fẹ́, wọ́n á sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Bàbá mi kì í fẹ́. Wọ́n ní kò sóhun tó ń ṣe àwọn, àwọn ń jẹun, àwọn ń sùn. Ọjọ́ tí wọ́n gbà, 178 lókè, 104 nísàlẹ̀. Orí kò fọ́ wọn, òòyì kò kọ́ wọn. Bí àìsàn yìí ṣe rí nìyẹn: ó lè wà lára fún ọdún pípẹ́ láìfi ara hàn, títí yóò fi ba kíndìnrín jẹ́ tàbí tí yóò fi di àrùn ẹ̀gbà.

Kì í sì í ṣe wíwò yẹn nìkan ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí oògùn oṣù àkọ́kọ́ tán, bàbá ní ara àwọn ti yá, àwọn ò rà á mọ́. Nọ́ọ̀sì yìí ló wá bá wọn nílé, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ní, "Bàbá, oògùn yìí kò tíì lé àìsàn náà lọ o, ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Tí ẹ bá dá a dúró, á tún gbérí." Ẹni tí kò bá wa tan rárá! Látìgbà náà ni mo ti ń sọ ọ́ pé àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe lábẹ́ kánópì, tí wọ́n á ya fọ́tò tán tí wọ́n á máa lọ, kò tó. Ẹni tí yóò padà wá bèèrè la nílò.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Tèmi kò gùn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé kọ́sítíìkì, kẹ́míkà tó máa ń jó ara, wà nínú aró tí ọ̀pọ̀ wa ń lò báyìí. Ọmọṣẹ́ kan da omi lé e lórí nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó hó yaya, ó ta sí i lójú. Àwọn kan ti ń sáré wá epo pupa. Ìyá ẹgbẹ́ wa pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkan kan kàn án. Wọ́n gbé orí ọmọ náà sábẹ́ ẹ̀rọ omi, omi ń ṣàn sójú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró fún ohun tó lé ní ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ní omi yẹn ló gba ojú náà là. Ìyá ẹgbẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù wọn ní ọjọ́ ọjà gan-an, wọ́n sì wà lọ́dọ̀ ọmọ náà títí ilẹ̀ fi ṣú.

Inú àpò àìsàn ẹgbẹ́ ni owó ìtọ́jú ti jáde. Nígbà tí a bá ń dá àjọ, a máa ń yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ sínú rẹ̀, ẹni tí kò ṣàìsàn lọ́dún yẹn kì í bèèrè tirẹ̀.

Báyìí, ohun tí ọmọṣẹ́ tuntun máa kọ́kọ́ kọ́ nìyí: kọ́sítíìkì la ń dà sínú omi díẹ̀díẹ̀, a kì í da omi lé kọ́sítíìkì. Kí ìbọ̀wọ́ sì gùn dé ìgúnpá.

Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ èyí. Mi ò ní dárúkọ àbúrò mi.

Ó ń sin ìjọba lọ́wọ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ń gbọ́ ohùn, pé àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ń bú òun. Kò sùn mọ́. Nílé, ọ̀rọ̀ di méjì. Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni, kí á gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti dè é mọ́lẹ̀ kí wọ́n máa gbàdúrà fún un. Ìyá mi ń sunkún ṣáá. Pásítọ̀ ìjọ wa fúnra wọn ló yanjú rẹ̀. Wọ́n ní àdúrà ò ní dúró, ṣùgbọ́n Arò, ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, ni ká gbé e lọ tí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn á sì bá wa débẹ̀. Wọ́n wá lóòótọ́. Wọ́n jókòó tì wá lórí bẹ́ńṣì títí dókítà fi pè wá wọlé.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ Arò búni nílùú yìí. Èèyàn á bínú díẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n máa gbé e lọ Arò. Ó ń dùn mí, torí ohun tó yẹ kí Ẹ̀gbá máa fi yangàn ni. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Thomas Adeoye Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, ìlú yìí ni wọ́n ti bí i ní 1923. Nígbà tó gba iṣẹ́ ní Arò ní 1954, dípò kó ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ògiri, inú àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká ló fi ọ̀pọ̀ wọn sí. Ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, ẹni tó lè se oúnjẹ fún un, tó lè bá a rìn. Wọ́n á gba ìtọ́jú, wọ́n á padà sáàárín àwọn ará abúlé, wọ́n á bá wọn ṣe iṣẹ́ oko, wọ́n á bá wọn ṣeré. Láti ilẹ̀ òkèèrè ni àwọn oníṣègùn ti wá wò ó. Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Àbúrò mi kò gbé abúlé, ilé ló padà sí, àdúgbò wa ló di abúlé tirẹ̀. Oògùn ṣiṣẹ́, ohùn yẹn rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń kùn ún lóorun, ó sì ń sanra, ló bá fẹ́ pa á tì. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Wọ́n lè dín in kù, wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó dá a dúró fúnra rẹ̀.

Àwọn aládùúgbò kan ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn tó bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n ìyá alámàlà tó wà níwájú ilé wa kò bèèrè oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ rí, torí wọ́n mọ̀ pé inú ń bí i sí ìbéèrè yẹn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á bu oúnjẹ sílẹ̀ fún un, wọ́n á gbé omi tì í, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Omi yẹn ló fi ń lo oògùn. Ọ̀gá tó ń bá tún fóònù ṣe tẹ́lẹ̀ sì gbà á padà, wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ ná, nígbà tó yá ó di ọjọ́ gbọọrọ.

Ní oṣù kìíní 2023, wọ́n fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun dípò ti 1958 tó ń pe irú àbúrò mi ní wèrè. Inú mi dùn sí i. Mo ń retí kí ẹnu àwa náà yí padà.

Ìyá Ọmọ, Láfẹ́nwá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi kí ìyá alámàlà yẹn.

Ibi kan wà tí mo gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo pẹ́ dé, wọ́n jágbe mọ́ mi lójú gbogbo èèyàn. Mi ò fẹ́ padà síbẹ̀. Mọ̀ǹmọ́ tí a jọ ń gbé àgbàlá kan ló gbé káàdì ọmọ, tó ní, "Múra, ibòmíì là ń lọ." Níbẹ̀, wọ́n ti sọ fún mi ṣáájú pé ara ọmọ lè gbóná lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà tó gbóná, mi ò bẹ̀rù. Ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, a lọ. Ti oṣù 9 tí àwọn ìyá máa ń gbàgbé, mọ̀ǹmọ́ ló rán mi létí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń ka gbogbo rẹ̀. Ohun tí mọ̀ǹmọ́ yẹn ṣe, òun gan-an ni èrò Olikoye Ransome-Kuti nígbà tó jẹ́ mínísítà ìlera láàárín 1985 sí 1992: kí ilé ìwòsàn alábọ́dé wà nítòsí ilé, kí ará àdúgbò sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ẹni tó kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta jọ.

Lórí ẹ̀jẹ̀ ríru tí Ọmọ Ọbáńtokò sọ: ẹ má wò ó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè dé. Ìlú òkè nìlú wa. Kó jókòó ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ balẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì, kó má sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tún un wò lọ́jọ́ mìíràn. Tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ bá a lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n tó bá tó 180 lókè, tí àyà ń dùn ún tàbí tí ẹnu ń wọ́, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Onímárúwá, Adìgbẹ

Ní tiwa, àwa mélòó kan kì í pa fóònù lálẹ́ nítorí aláboyún. Alága àdúgbò ní nọ́ńbà wa. Tí obìnrin bá ń rọbí, a ń gbé e, owó dọ̀la. A ti gbé àwọn kan tí kò san án títí dòní, a ò sì ní torí ẹ̀ dúró.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì mà, ṣé ẹ lè wá wo ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹgbẹ́ wa? A máa wá ọkọ̀ gbé yín.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Màá wá. Ẹ bá mi wá àga tó ní ẹ̀yìn àti tábìlì kan. Kí ẹ sì yan ọ̀dọ́ méjì tó mọ̀wé kọ, kí n kọ́ wọn, kó má jẹ́ èmi nìkan lẹ ó máa dúró dè.