Báwo lẹ ṣe ń ṣe tágẹ́ẹ̀tì ìwé kíkà tí kì í dà bí iṣẹ́ àṣetiléwá?

Akàwésùn:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún ti ń parí lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí mo kọ ọ́ sílẹ̀ gàdàgbà pé màá ka ìwé 52, ọ̀kan lọ́sẹ̀, torí mo rí i táwọn kan ń ṣe é, ó sì dùn ún gbọ́ létí. Oṣù méjì àkọ́kọ́ mo ṣe bẹbẹ. Ìgbà tó yá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé tín-ín-rín kiri kí iye ẹ̀ ṣáà lè pé, ìwé ńlá kan tó ti ń wù mí kà látọjọ́ pípẹ́ wá di ohun tí mò ń sá fún, mo ní tí n bá fọwọ́ kan èyí báyìí oṣù kan gbáko ló máa gbà lọ́wọ́ mi, ta ló máa wá bá mi dá oṣù yẹn padà. Áàpù tí mo fi ń ṣírò wá ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé ó ku ìwé mẹ́fà kí n tó dé ibi tó yẹ kí n wà. Mẹ́fà! Bí ẹni tí wọ́n wá sin lówó. Nígbà tọ́dún dé ìdajì mo yọ áàpù yẹn kúrò lórí fóònù, mi ò sì ṣí ìwé kankan mọ́ fún oṣù mẹ́ta. Èmi tí wọ́n máa ń gba ìwé lọ́wọ́ mi kí n tó jẹun ní kékeré o.

Ṣé ẹ rí i, mo ṣì fẹ́ ní nǹkan kan tí màá máa lé lọ́dún tó ń bọ̀, torí tí mi ò bá ní nǹkan kan rárá, fóònù ló máa jẹ gbogbo alẹ́ mi, mo mọ ara mi. Àmọ́ mo fẹ́ kó dùn. Kí lẹ̀ ń ṣe tiyín? Ẹ fi sọ́kàn pé tí n bá kàwé lálẹ́ oorun kì í jẹ́ kí n jìnnà, ẹ ṣáà ti rí orúkọ mi.

DíẹDíẹ:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o Akàwésùn. Ohun tó ṣe yín yìí ló ṣe èmi náà. Iye ìwé tẹ́ ẹ̀ ń kà yẹn ló fa gbogbo ẹ̀, torí ìwé ò dọ́gba, èyí ní ojú ewé 90, èyí ní 700, ẹ wá ka méjèèjì sí ọ̀kan-ọ̀kan, bí ẹni tó ka adìyẹ kan mọ́ màlúù kan tó ní ẹran méjì lòun ní. Ojú ewé lèmi ń kà ní tèmi. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀: ojú ewé 10 lójúmọ́ fún ọjọ́ 365, 3,650 nìyẹn. Tí ìwé kan bá ní ojú ewé 300, ìwé 12 ti bọ́ sápò, ó tún ṣẹ́ kù díẹ̀. Kéèyàn tiẹ̀ fi 5 ṣe é, 1,825, ìwé mẹ́fà lọ́dún, láìsí pé ẹ sáré kankan.

Àmọ́ tágẹ́ẹ̀tì tèmi gan-an kì í ṣe 10, kì í sì í ṣe 5. Ojú ewé MÉJÌ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín jàre. Ọjọ́ tó bá rẹ̀ mí dé góńgó, màá ka méjì, màá pa iná, mo ti ṣe tòní, kò sẹ́ni tó lè bá mi wí. Ọ̀pọ̀ ìgbà kí n tó mọ̀ mo ti dé ogún, torí ṣíṣí tá a máa ṣí ìwé yẹn ló nira, ká ti ṣí i tán kì í le mọ́. Tí mo bá sì gbàgbé lọ́jọ́ kan, mo gbàgbé nìyẹn. Mi kì í ka mẹ́rin lọ́jọ́ kejì láti fi dí i. Ibí yìí ni kẹ́ ẹ dì mú tẹ́ ẹ bá máa gbàgbé gbogbo èyí tó kù: ẹ má san gbèsè àná. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í san án ni ìwé ti dọ̀gá yín.

Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ lo áàpù, ẹ lè fi ojú ewé tàbí wákàtí ṣe tágẹ́ẹ̀tì lórí StoryGraph dípò iye ìwé. Nadia Odunayo ló ṣe é. Ọdúnayọ̀ o! Orúkọ wo ló tún bá ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá mu jùyẹn lọ.

TísàTóTiFẹ̀yìntì:
Ẹ kú àròyé, ẹ̀yin ọmọ mi. Akàwésùn, jẹ́ kí n bi ọ́ ná. Oṣù mẹ́ta tó ò kàwé yẹn, ṣé kò sí ìwé kan tó o kà dé àárín tó sú ẹ, tó o wá ń sọ pé o ò ní mú òmíì àyàfi tó o bá parí ẹ̀? Mo béèrè torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń há sí, wọ́n á wá rò pé ìwé kíkà ló sú àwọn.

Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Nancy Pearl, láíbìrì ló ti ṣiṣẹ́, ó ní òfin kan tó tu èmi lára. Ó ní ka ojú ewé 50, tí ò bá wọ̀ ẹ́ lára, gbé e sílẹ̀. Tó o bá ti kọjá ọmọ àádọ́ta ọdún, yọ ọjọ́ orí ẹ kúrò nínú 100, iye tó bá ṣẹ́ kù ni kó o kà kó o tó pinnu. Ọmọ ọdún 71 ni mí, ojú ewé 29 péré ni mo jẹ ìwé yòówù kó jẹ́. Ó ní ẹni tó bá wá pé 100, èèpo ẹ̀yìn ìwé nìkan ló máa wò tó máa fi dá a lẹ́jọ́, mo sì ń retí ọjọ́ yẹn gan-an.

Èmi náà jẹ̀bi o. Ọgbọ̀n ọdún ó lé tí mo fi kọ́mọ, gbogbo ìwé tí wọ́n bá kà ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ nǹkan lé lórí wá fún mi. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé jù nínú wọn wá ń kàwé ní kọ̀rọ̀, wọn ò jẹ́ kí n mọ̀. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì tán ló tó yé mi. Nítorí náà tágẹ́ẹ̀tì tí mo fún ẹ lọ́dún tó ń bọ̀ rèé: ìwé márùn-ún ni kó o gbé sílẹ̀ láì kà tán. Márùn-ún pé. Tó bá di oṣù kẹwàá tó o ṣì wà ní méjì, á jẹ́ pé o tún ti ń fipá ka nǹkan nìyẹn.

ÌyáÀwọnBọ̀bọ́:
Ìwé márùn-ún ní gbígbé sílẹ̀! Tísà ẹ ṣeun ma, mo ti ṣe mẹ́jọ lọ́dún yìí láì mọ̀ pé àṣeyọrí ni 😂

Bíńgò la máa ń ṣe nílé wa. Ẹ ya ilà márùn-ún níbùú márùn-ún lóòró, àpótí 25 lẹ máa ní, ẹ kọ nǹkan kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí èèpo ẹ̀ pupa. Ìwé tó dàgbà jù ẹ́ lọ. Èyí tó o kà ní kékeré tó o fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì dùn. Ìwé ewì. Ìwé tí wọ́n túmọ̀ látinú èdè míì. Ìwé lédè Yorùbá, tó sì ní àmì ohùn pé (ẹni tó bá rí i kó pariwo). Kò pọn dandan kẹ́ ẹ kún gbogbo ẹ̀ o, ẹni tó bá ti ní márùn-ún lórí ìlà kan ti jẹ. Àpótí tí mo fẹ́ràn jù ni “ìwé tí ẹlòmíì yàn fún ẹ, o ò sì gbọ́dọ̀ kọ̀.” Àbúrò nínú àwọn ọmọ mi yan ìwé àwọn ẹranko inú òkun fún mi, aláwòrán, mo ní kí n ṣáà fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, bí mo ṣe dẹni tó ń jí ọkọ lójú oorun nìyẹn láti sọ fún un pé octopus ní ọkàn mẹ́ta. Ọkàn mẹ́ta! Mi ò bá má gbọ́ ìyẹn láyé tó bá ṣe pé èmi ni mo yan ìwé mi.

EtíNiMoFiNkà:
Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ ìwé àfetígbọ́, ó yà mí lẹ́nu. Mo máa ń gbọ́ ìwé tí mo bá ń fọṣọ tàbí tí mò ń rìn. Tí kò bá sówó, ìkànnì LibriVox wà, láti 2005 làwọn èèyàn ti ń fínnúfíndọ̀ ka àwọn ìwé àtijọ́ tí ẹ̀tọ́ oníǹkan ti tán lórí wọn síbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ohùn kan á dùn, òmíì á dà bíi pé inú kòkò ló ti ń sọ̀rọ̀, ẹ ṣáà máa yàn.

ÒgbóǹtarìgìAkàwé:
Ẹ má bínú o, gbígbọ́ kì í ṣe kíkà.

EtíNiMoFiNkà:
Ẹ̀gbọ́n, ìtàn tí wọ́n ń sọ fún yín ní kékeré, ojú lẹ fi gbọ́ ọ ni? Ta ló tiẹ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sẹ́ni tó máa fún wa ní sátífíkéètì ní December.

ÒgbóǹtarìgìAkàwé:
Ó dáa, o ti mú mi 😄 Àmọ́ kí Akàwésùn má gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì o, ó máa jí bá ara ẹ̀ ní orí kẹtàlélógún.

Ọ̀kanPéré:
Tágẹ́ẹ̀tì tèmi látọdún mẹ́rin sẹ́yìn: ìwé kan. Ọ̀kan. Mo sábà máa ń ti parí ẹ̀ kí January tó jáde, mo ti yege, gbogbo èyí tí mo bá kà lẹ́yìn ìyẹn èèní ni. Mo ní ìwé kékeré kan tí mò ń kọ orúkọ èyí tí mo bá kà tán sí, gbólóhùn kan péré lábẹ́ ẹ̀, irú bíi “mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì” tàbí “ọkùnrin yìí ò mọ̀ ọ́n parí.” Tó bá di ìparí ọdún mo máa ń jókòó ka gbólóhùn wọ̀nyẹn, ó dùn ju iye lọ fíìfíì.

Akàwésùn:
Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Tísà, ẹ kàn mí níbi tó ń dùn mí ma. Ìwé kan wà lóòótọ́, ẹ̀bùn ni, ẹni tó fún mi sì máa ń bi mí pé mo ti dé ibo, mo kà á dé ojú ewé 140 ó sú mi, ni mo bá ń sá fún ìwé àtolówó ẹ̀. Mo ti dá a padà sórí pẹpẹ lónìí, ọ̀kan nínú márùn-ún nìyẹn, kí ọdún tiẹ̀ tó yí.

Ojú ewé méjì lójúmọ́ ni màá ṣe, àárọ̀ ni màá fi sí kí oorun má bàa rí mi mú, màá sì máa kọ gbólóhùn kan bíi ti Ọ̀kanPéré. Ìwé ńlá yẹn ni màá fi bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro kan ló wà: ojú ewé 812 ni. Tí mo bá ń ka méjì-méjì, ọjọ́ 406 ló máa gbà, ọdún tó ń bọ̀ ò tó o.

DíẹDíẹ:
Ta ló ń lé yín?

TísàTóTiFẹ̀yìntì:
Ọmọ ọdún mélòó tiẹ̀ ni ọ́? Tó ò bá tíì pé àádọ́ta, 50 nínú 812 yẹn lo jẹ ẹ́, o lè já èyí tó kù sílẹ̀.

Akàwésùn:
34 ni mí ma. Ó ku 39, mo ti ka 11 lálẹ́ àná kí n tó sùn lé e lórí.